Ràfíátù, Kí O Tó Tọwọ́ Bọ̀wé Alùpùpù Náà

Kalley, ní Niamey,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ooru àdúgbò Lazaret kò tíì sọ ọ́ di ẹran yíyan? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má fi ìwé yìí bá ọ jà. Mo ti ṣèlérí fún un. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bàbá rẹ. Bí o bá dé ibi tí ohùn mi ti lọ sókè, fò ó kọjá, kí o máa kà á lọ.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ nígbà tí fóònù wà ni pé n kò gbára lé ẹnu mi mọ́ lórí ọ̀rọ̀ alùpùpù yìí. Lọ́jọ́ Àìkú tí o wá kí wa, èmi rò pé ìmọ̀ràn ni mò ń gbà ọ́, àfi bí mo ṣe rí i tí o gbé báàgì rẹ, tí o sì jáde, tí ìyá rẹ ń na ṣíbí ọbẹ̀ sí mi bí ẹni pé èmi ni mo lé ọ. Bí Yorùbá inú ìwé yìí bá le fún ọ níbì kan, gbé e padà wá kí n kà á sí ọ létí. Má gbé e fún ẹlòmíràn kà. Ọ̀rọ̀ èmi àti ìwọ ni.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ tuntun rẹ ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ. Kí ọmọ tí mo fi aṣọ títà tọ́ di nọ́ọ̀sì, kí wọ́n máa rán an láti ojúlé dé ojúlé pé kó lọ fún ọmọ ọlọ́mọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó tó ohun tí bàbá fi ń yangàn ní mọ́ṣáláṣí, mo sì ti fi yangàn. Mo mọ̀ pé àwọn ilé tuntun tó wà lẹ́yìn Lazaret jìnnà. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ fàbà-fàbà kì í gbé èrò dé ibẹ̀, pé ẹsẹ̀ ni o fi ń wọ́ yanrìn yẹn lọ, tí o tún fi ń wọ́ ọ bọ̀, pẹ̀lú àpótí abẹ́rẹ́ léjìká. N kò sọ pé kí o má ra alùpùpù. Ohun tó ń já mi láyà ni ìwé tí o fẹ́ tọwọ́ bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀: pé ilé-iṣẹ́ kan yóò ra alùpùpù fún ọ láwìn, wọn yóò sì máa yọ owó rẹ̀ lára owó oṣù rẹ fún ọdún méjì gbáko.

Mo ní kí o jẹ́ kí n san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó lọ́wọ́, kí a bọ́ níbẹ̀. O dá mi lóhùn pé, "Haba, Baba! Owó òrùlé ilé yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ mà nìyẹn. Mi ò ní gun òrùlé yín kiri Niamey." Ìyá rẹ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín bí kì í bá ṣe pé inú ń bí mi.

Ó dáa. Jẹ́ kí n to ohun tó wà lọ́kàn mi bí mo bá ṣe lè tò ó.

Èkínní ni ti owó lọ́wọ́, nítorí o rò pé n kò rí àléébù rẹ̀. Mo rí i. Mo ti fi owó lọ́wọ́ ra alùpùpù rí, kí a tó bí ọ. Nígbà náà, mo ń kiri aṣọ fún ọ̀gá mi, láti Kalley níhìn-ín títí dé Banifandou, ẹrù lórí, oòrùn lórí ẹrù. Mo tu owó jọ títí ó fi pé. Ọmọ ìlú wa kan wà tó ń jẹ́ Làmídì, tó máa ń kó alùpùpù àlòkù láti Cotonou gba bodè Gaya wọlé. A jókòó síwájú ilé àgbà wa kan, mo ka owó fún un, àwọn àgbà ṣàdúà, a bọ ara wa lọ́wọ́, ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

Mo fẹ́ béèrè ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi, mo gbé e mì. Ìwọ tí a bí síbí lè má mọ bó ṣe rí. Láàárín àwa ará ìlú wa tí a wà nílẹ̀ yìí nígbà náà, bí o bá ra nǹkan lọ́wọ́ ọmọ ìlú rẹ lójú àwọn àgbà, tí o wá ní kó kọ ọ́ sí bébà fún ọ, o ti pè é lólè nìyẹn. Àwọn àgbà tó jókòó ni ìwé. Ẹnì kan ti béèrè ìwé ṣáájú mi nígbà tó ra ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹni tó tà á fún un sì la ojú mọ́ ọn pé, "Ṣé bébà ló bí wa ni?" Odindi oṣù ààwẹ̀ ọdún yẹn, kò sí ẹni tó dáhùn ìkíni ọkùnrin náà dáadáa. Èmi wá dákẹ́. Mo gun alùpùpù mi lọ, mo ń fọn fèrè láìsí ẹni tó dí mi lọ́nà.

Kò pẹ́ rárá tí àwọn aṣọ́bodè dá mi dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n ní kí n mú ìwé tó fi hàn pé wọ́n san owó orí rẹ̀ ní bodè wá. Mo ní owó lọ́wọ́ ni mo fi rà á, n kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ọ̀gá wọn ní ta ló bi mí léèrè gbèsè. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ nígbà tí mo sanwó. Ó ní ṣé mo lè ká àwọn àgbà náà sínú àpò kí n kó wọn wá. Bí wọ́n ṣe gbẹ́sẹ̀ lé alùpùpù mi nìyẹn, n kò sì rí i mọ́.

Mo lọ bá Làmídì pẹ̀lú ìbínú. Ó bú sẹ́kún lójú mi. Òun náà rà á ní Cotonou lọ́wọ́ ọmọ ìlú wa mìíràn ni, lójú àwọn àgbà ibẹ̀, òun náà kò lè béèrè ìwé. Ó kó ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún mi, kò tó nǹkan. Kò sí olè kankan nínú wa, Àbẹ̀kẹ́. Olóòótọ́ ni gbogbo wa, alùpùpù sì lọ.

Nítorí náà, ì báà jẹ́ àwìn, ì báà jẹ́ owó lọ́wọ́, ì báà jẹ́ èmi bàbá rẹ ni mo ta alùpùpù fún ọ, béèrè ìwé. Béèrè ìwé bodè, béèrè kátì gírìsì tó sọ ẹni tó ni ín, kí o sì fi ojú ara rẹ rí orúkọ tó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ni yóò wà níbẹ̀ títí o fi sanwó tán, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ìgbà tí wọn yóò yí i sí tìrẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá bínú, sọ pé bàbá rẹ ló ní kí o béèrè. Kí wọ́n máa bá mi bínú, ó ti mọ́ mi lára.

Nǹkan mìíràn tún wà lórí ìyẹn. Gbogbo owó ọwọ́ mi ni mo kó lé Làmídì lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ká ní wọn kò tilẹ̀ gbẹ́sẹ̀ lé alùpùpù ọ̀hún, bí táyà rẹ̀ bá fọ́ lọ́jọ́ kejì, n kò ní rí owó tí màá fi lẹ̀ ẹ́. Má ṣe fi owó lọ́wọ́ ra nǹkan débi tí ọwọ́ rẹ yóò fi gbẹ pátápátá.

Ìkejì ni ti àwìn. Jọ̀ọ́, kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kí o tó ka èyí, má sì bínú. Mo lọ síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo lọ sí ilé-iṣẹ́ ayánilówó náà, láná. Mo wọ aṣọ funfun mi, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ. Nígbà tí o sọ pé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ni yóò ṣe onídùúró fún ọ, ó dùn mí, n kò lè purọ́. Kí àlejò máa dúró fún ọmọ mi nígbà tí mo wà láàyè, tí ara mi sì le! Mo fẹ́ lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n pa orúkọ ọkùnrin yẹn rẹ́, kí wọ́n kọ tèmi.

Ọmọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ ní ẹ̀kọ́. Ó dìde fún mi, ó fún mi lómi tútù mu, ó sì ń bá mi sọ èdè Zarma jẹ́jẹ́. Ó ní kí n mú ìwé owó orí ṣọ́ọ̀bù mi wá. N kò ní. Ó ní kí n mú ìwé báńkì wá. Èmi àti báńkì, kí ló dà wá pọ̀? Mo ní kó lọ béèrè mi ní Kalley, kó béèrè lọ́wọ́ gbogbo àwọn aláṣọ, kò sí ẹni tí mo jẹ ní sísì kan nínú ìlú yìí. Ó tẹ ẹ̀rọ iwájú rẹ̀ títí, ó tún un tẹ̀. Ó wá wò mí, ó ní, "Baba, kala súúrù, ẹ mú sùúrù. Ẹ̀rọ yìí ò rí yín."

Ẹ̀rọ náà kò rí mi! Èmi tí mo ti wà ní Niamey kí wọ́n tó sọ ọmọkùnrin yẹn lórúkọ. Mo dìde, mo kí i, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé. Ìyá rẹ bi mí ibi tí mo ti ń bọ̀, mo ní mo lọ kí ẹnì kan tí ara rẹ̀ kò yá.

Mo ti rò ó láti àná. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń fọ́nnu pé n kì í ra àwìn, pé owó lọ́wọ́ ni tèmi. N kò mọ̀ pé lọ́dọ̀ àwọn tó ni irú ẹ̀rọ yẹn, ẹni tí kò jẹ gbèsè rí kò sí láyé rárá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà díẹ̀. Bí o bá san owó yẹn bó ṣe tọ́ àti bó ṣe yẹ, wọn yóò mọ̀ ọ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ ra ilẹ̀, tàbí tí o fẹ́ ṣí ilé oògùn tìrẹ, ẹ̀rọ wọn yóò rí ọ. Mo gbà. Mo gbà á lẹ́ẹ̀kan yìí o, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tí o bá wá.

Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí mo ti débẹ̀, mo béèrè ọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ kí ìwọ náà béèrè wọn lọ́jọ́ Jímọ̀, kí o tó mú bíírò.

Iye owó oṣooṣù nìkan ni wọ́n sọ fún ọ, ó sì kéré létí. Ní kí wọ́n sọ àròpọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o wá bi wọ́n ní iye tí wọ́n ń ta alùpùpù kan náà fún ẹni tó mú owó lọ́wọ́ dání. Èmi bi wọ́n. Àfikún tó wà lórí rẹ̀ tó ra àgbò iléyá, kì í sì í ṣe àgbò kékeré.

Mo tún bi àlùfáà wa nípa èlé, nítorí ìyẹn náà ń bẹ lára ohun tó ń dẹ́rù bà mí. Ó ní ọ̀nà méjì ló pín sí. Bí wọ́n bá fún ọ lówó kí o dá a padà pẹ̀lú owó lórí, èlé ni, kí o sá. Ṣùgbọ́n bí àwọn fúnra wọn bá ra alùpùpù, tó di tiwọn, tí wọ́n wá tà á fún ọ ní iye tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí, tí iye náà kò ní yí padà bí o tilẹ̀ pẹ́ kí o tó san, òwò nìyẹn. Èyí tí tiwọn jẹ́ kò yé mi, Faransé tí wọ́n fi kọ ọ́ ga ju tèmi lọ. Ìwọ lo lọ síléèwé wọn, kà á, má kàn yí ojú ìwé.

Ohun tó ń jí mi lójú oorun nìyí o. Kọ́ńtírà iṣẹ́ rẹ, àdéhùn ọdún kan ni. Owó alùpùpù, ọdún méjì. Ta ni yóò san ti ọdún kejì, Ràfíátù? Wọ́n lè tún kọ́ńtírà náà ṣe, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò tíì tún un ṣe. Mo bi ọmọkùnrin yẹn pé bí owó oṣù kò bá dé ńkọ́. Ó ní wọn yóò wá gbé alùpùpù, èyí tí a bá sì ti san tẹ́lẹ̀ kò ní padà wá. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Kì í ṣe ọmọ burúkú, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Nítorí náà, ohun tí mo rò pé kí o ṣe ni kí o san àsansílẹ̀ tó nípọn, kí ìyókù lè tán kí kọ́ńtírà rẹ tó tán. Kó èyí tí o ti tù jọ, èmi yóò fi díẹ̀ kún un. Kì í ṣe gbogbo òrùlé, má pariwo. Páànù ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ni. Ta ló tiẹ̀ ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà báyìí bí kò ṣe àwọn alángbá? Bí wọ́n bá ní àwọn kò gbà, pé ọdún méjì ni tàbí kí o máa lọ, dìde, kí o máa lọ. A óò wá àlòkù tó dára, pẹ̀lú ìwé rẹ̀, a óò fi owó lọ́wọ́ rà á, a óò sì tọ́jú owó táyà sílẹ̀.

Mo ti gbàgbé ibi tí mo kà á dé. Jẹ́ ká pe èyí ní ìkẹta tàbí ìkẹrin.

Ìjábù rẹ, Àbẹ̀kẹ́. Ká a sókè dáadáa kí o tó gun alùpùpù, jókòó lé etí rẹ̀. Mo ti rí obìnrin tí aṣọ rẹ̀ wọ ẹsẹ̀ alùpùpù, n kò fẹ́ sọ bó ṣe rí. Ra akoto kí o tó ra epo. Bí o bá dé ibi tí yanrìn bá ti jìn, sọ̀kalẹ̀ kí o tì í, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Yàgò fún àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́rù, wọn kì í wo ilẹ̀. Má yá ẹ̀gbọ́n rẹ Músílíù, kódà bó bá ní òun fẹ́ fi gbé ìyá rẹ lọ sí ọsibítù. Bí mo bá pè ọ́ nígbà tí o wà lórí rẹ̀, má gbé fóònù. N óò pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, má gbé e, ṣáà dúró kí o tó pè mí padà.

Ó ku ọ̀kan, òun ló sì nira jù fún mi láti kọ.

Nígbà tí wọ́n gba alùpùpù mi, ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìyàwó tuntun. N kò sọ fún un. Mo ní mo yá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lọ sí ìlú Dosso ní alùpùpù náà. Láràárọ̀ ni màá jáde nílé bí ọkùnrin tó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀rùn, bí mo bá yà ní kọ̀rọ̀ tán ni màá tó gbé ẹrù lé orí. Kí n tó wọlé nírọ̀lẹ́, màá kọ́kọ́ fọ eruku ẹsẹ̀ mi nílé aládùúgbò. Ìyá rẹ á ní, "Ọ̀rẹ́ yín ò tíì dé ni?" Màá ní, "Ó ń bọ̀." Ara mi ń rù, n kò mọ̀ pé mò ń rù.

Lọ́jọ́ kan, ó lọ pọn omi ní ẹ̀rọ àdúgbò. Nígbà tó dé, ó gbé oúnjẹ síwájú mi, ó jókòó. Kò mẹ́nu ba alùpùpù, kò sọ̀rọ̀ owó. Ó ní, "Gbogbo àwọn obìnrin ìdí omi ló mọ̀. Èmi nìkan ni mo jókòó sílé, tí mò ń dúró de ọ̀rẹ́ yín láti Dosso."

Ojú kò tì mí tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Wọ́n gba alùpùpù lọ́wọ́ mi, mo gbàgbé. Èyí, n kò tíì gbàgbé. Nígbà tí a jọ jókòó, tí a jọ rò ó, ọ̀gá mi yá mi ní kẹ̀kẹ́ ológeere, a sì ń bá ayé wa lọ. Èmi ì bá ti ní kẹ̀kẹ́ náà láti ọjọ́ kejì, ká ní mo la ẹnu.

Mo sọ èyí fún ọ nítorí pé èmi ni o jọ. Ìyá rẹ ló fún ọ ní ojú àti awọ, ìṣe yìí, ọ̀dọ̀ mi lo ti mú un. Ọdún tí o fìdí rẹmi ní iléèwé nọ́ọ̀sì, ta lo sọ fún? Títí o fi tún ìdánwò náà ṣe, tí o yege, ohun tí o ń sọ fún wa ni pé, "Ça va, Baba," pé dáadáa ni. Láti ọjọ́ Àìkú, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ bí mo ti ń kọ ìwé yìí ni. Ìwọ ni ẹ̀rù rẹ ń bà mí. Mò ń rí ọ lójú mi pé wọ́n ti gbé alùpùpù náà lọ, pé o tún ti ń wọ́ yanrìn pẹ̀lú àpótí léjìká, tí mo sì pè ọ́, tí o ní alùpùpù wà dáadáa.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n rí i. Kí ó ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, kí ó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ dùn lára ọmọ àwọn ẹlòmíràn, kí ó fún ọ ní èyí tí o ń fẹ́ láìfi ẹkún kún un.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ṣe èyí tí Ọlọ́run bá fi sí ọ lọ́kàn. N kò ní tẹ̀lé ọ lọ, àfi bí o bá ní kí n wá. Bí o bá tọwọ́ bọ̀ ọ́, n kò ní sọ pé mo ti sọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún. Bí oṣù kan bá wọlé tí owó kò wọlé, pè mí. Kí o tó pe ọ̀gá rẹ, kí o tó pe ọ̀rẹ́ rẹ, kí o tó lọ bẹ ọmọkùnrin ẹlẹ́rọ yẹn, èmi ni kí o kọ́kọ́ pè, kódà bí a bá ń jà lọ́wọ́. N óò pariwo. O mọ̀ pé n óò pariwo. Má gé fóònù náà. Bí mo bá pariwo tán, n óò bi ọ́ pé èló ló kù.

Bàbá rẹ ni.